Wọ́kà kì í kọ́ ọmọ ní ìrìn: ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó náwó lé e

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ́kà dáadáa, kó lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù mẹ́sàn-án, ní èyíkéyìí nínú àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà káàkiri Ìbàdàn. Àwọn ìyá á ti tò sórí bẹ́ǹṣì láti aago méje àárọ̀, káàdì lọ́wọ́, ọmọ lórí ẹsẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì tó pe nọ́ńbà kìíní, wọ́n á ti fi ọmọ wéra tán. "Tìẹ ti ń rá?" "Ó ti ń rá, ó tiẹ̀ ti ń di àga mú dìde." "Háà! Tèmi kàn jókòó sójú kan ni o." Ẹnì kẹta á wá dá sí i: "Wọ́kà ni kó o rà fún un, jàre. Èyí tó ṣáájú ẹ̀, wọ́kà ni mo fi kọ́ ọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ló bá ń sáré kiri."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá tí ọmọ tiẹ̀ "kàn jókòó sójú kan" ti wà ní Agbẹ́ni tàbí Àlẹ́ṣinlọ́yẹ̀, ó ń ná wọ́kà tí wọ́n fi okùn so kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ike ni gbogbo ara rẹ̀, róbótó. Ìjókòó aláṣọ wà láàárín, ó ní ihò méjì fún ẹsẹ̀. Tíréè wà níwájú tó kún fún ohun ìṣeré, táyà kéékèèké bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sì wà lábẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì pupa, á kọrin. Ẹni tó ń tà á kò ní dúró kí wọ́n béèrè kó tó dáhùn: "Àǹtí, ẹ gbé e, ẹ̀ẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọmọ yín ti rìn."

Mi ò ní fi tèmi pa mọ́ kí n máa wá yí po. Mi ò ní rà á. Bí wọ́n bá sì fi ta mí lọ́rẹ níbi ìkómọ, táyà rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ yọ. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n sábà máa ń sọ, pé wọ́kà ń sọ ọmọ di arọ tàbí pé ó ń ká ọmọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ta ló ń rìn gan-an?

Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ rí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Á fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àga mú, á ti ìdí sẹ́yìn, á fa ara rẹ̀ sókè, orúnkún á máa gbọ̀n. Tó bá dúró tán, á wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni. Á sún díẹ̀ sápá ọ̀tún, á tún sún. Ọwọ́ á yọ, á fìdí jálẹ̀, pọ̀ọ́! Á wo ojú ìyá rẹ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun má sun ún. Lẹ́yìn náà, á tún padà sídìí àga. Nínú ìdìde àti ìṣubú yẹn ni itan àti ìbàdí rẹ̀ ti ń le, ibẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ sì ti ń mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ara dúró kó má yẹ̀.

Nínú wọ́kà ńkọ́? Aṣọ tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ló gbé e dúró. Kò gbé ara rẹ̀ rárá. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀, bí ẹni ń wa ọkọ̀ ojú omi, iṣan ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n itan àti ìbàdí tó yẹ kó le kàn ń sinmi ni. Tíréè gbòòrò tó wà níwájú ti bo ẹsẹ̀ mọ́ ọn lójú, kò lè fi ojú rí ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Bó bá rí ike pupa kan lókèèrè tó wù ú, dípò kó rá lọ síbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀, kó mú un, á kàn yí gbirigbiri dé ìdí rẹ̀ ni, kò sì ní lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹni tó bá wọ Micra láti Ìwó Road dé Dùgbẹ̀, ta ló máa sọ pé ó fẹsẹ̀ rìn ín? Táyà ló rìn. Ọmọ kàn wọ̀ ọ́ ni.

Àwọn kan ti fara balẹ̀ ka ọjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1999, Siegel àti Burton gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọmọ 109. Àwọn tó lo wọ́kà pẹ́ ju àwọn tí kò lò ó lọ kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n tó rá, kí wọ́n tó rìn. Lọ́dún 2002, àwọn mìíràn ní ilẹ̀ Ireland ka ti ọmọ 190, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Bírítéènì, BMJ, ló sì gbé e jáde. Ohun tí wọ́n rí ni pé fún gbogbo wákàtí 24 tí ọmọ bá lò nínú wọ́kà lápapọ̀, ìrìn rẹ̀ ń fi bí ọjọ́ 3.3 pẹ́ sí i, dídá dúró rẹ̀ sì ń fi bí ọjọ́ 3.7 pẹ́ sí i. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọmọ tó bá ń lo wákàtí kan lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta ti lo bí 90 wákàtí. Bí ìṣirò tiwọn ni ká tẹ̀ lé, bí ọjọ́ méjìlá nìyẹn.

Ọjọ́ méjìlá kì í ṣe ohun à ń sunkún lé lórí. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò sì lè búra pé wọ́kà nìkan ló fà á, torí ilé tí wọ́n ti ń lo wọ́kà lè yàtọ̀ sí ilé tí wọn kì í ti lò ó ní ọ̀nà púpọ̀. Nítorí náà, ìyá tó ní "mo lò ó fún ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn ló ń rìn" kò purọ́. Wọ́n ń rìn lóòótọ́. Àwọn tí kò fojú kan wọ́kà rí náà ń rìn. Ohun tó yẹ ká mú níbẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹni tó ń tà á ṣèlérí kò sí níbì kankan. Kò sí ìkankan nínú ìwádìí méjèèjì yìí tó fi hàn pé wọ́kà ń mú ọmọ tètè rìn. Bí ìyàtọ̀ bá tiẹ̀ wà, ẹ̀yìn ló ń fà á sí.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni, mi ò bá má kọ̀wé lórí ẹ̀. Owó tèèyàn fi ra ohun tí kò wúlò, ṣebí ojoojúmọ́ là ń ṣe é.

Ibi tí wàhálà wà

Wàhálà ni pé táyà yẹn ń sáré. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ inú wọ́kà lè rin ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ pè é ní "ení, èjì" lẹ́nu, ọmọ ti kúrò níwájú yín, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ oṣù mẹ́jọ kò sì mọ̀ pé ilẹ̀ máa ń tán níbì kan.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn sí mi gbangba ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ní apá Òkè-Àdó. Àbúrò mi obìnrin ń ta omi tútù àti mínírà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Ọmọ rẹ̀ ti lé ní oṣù mẹ́jọ díẹ̀, inú wọ́kà ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ firíìsà. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ nílùú yìí: wọn kì í jẹ́ kó tẹ́jú délẹ̀, wọ́n á dá a síta díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn lọ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Àgbàlagbà tó bá dúró lé e kò ní mọ̀. Táyà mọ̀. Lọ́jọ́ náà, oníbàárà kan ra omi, ó na owó ńlá, àbúrò mi sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń ka ṣéńjì nínú agolo. Ó ní ohun tí òun kọ́kọ́ gbọ́ ni ariwo táyà lórí sìmẹ́ńtì, òun sì rò pé eré lọmọ ń ṣe. Nígbà tó máa gbójú sókè, wọ́kà ti dé etí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ni. Wọ́kà dojú dé, orí ọmọ sì lọ bá igun sìmẹ́ńtì tó kẹ́yìn.

Wọ́n rán iwájú orí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì ní ká máa ṣọ́ ọ mọ́jú bóyá yóò máa bì tàbí bóyá oorun rẹ̀ máa ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo wa la jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọlọ́run ṣé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò lè gbàgbé ni bí gbogbo àgbà tó wá kí wa ṣe ń bi ìyá ọmọ léèrè: "Kí lo wá ń wò?" Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín òun àti ọmọ. Ojú rẹ̀ kúrò lára ọmọ fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń ka igba náírà.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti wo irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní ìlú Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, wọ́n gba àkọsílẹ̀ ọmọ 271 tí wọ́kà ṣe léṣe, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1997. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 78 ni ẹnì kan ń ṣọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀, 69 sì ni ẹni tó ń ṣọ́ wọn jẹ́ àgbàlagbà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ "kẹ́ ẹ sáà máa ṣọ́ ọ" tó wà lára páálí wọ́kà kò tó nǹkan. Wọ́n ń ṣọ́ wọn. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà ni kò yá tó táyà.

Ilé ìwòsàn yẹn náà làwọn tó ṣe ìṣirò ńlá tó jáde lọ́dún 2018 ti wá. Láti 1990 sí 2014, ọmọ 230,676 tí wọn ò tíì pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gbé dé ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà nítorí wọ́kà. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lé ní 90 tó jẹ́ pé orí tàbí ọrùn ni wọ́n fi ṣèṣe, àwọn bíi 74 ló sì jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti já bọ́. Àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn kò pọ̀, kò pé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n nínú àwọn yẹn, ó ju ìdá mẹ́ta lọ tí egungun orí wọn ti là.

Ilé òyìnbó ni wọ́n ti ka gbogbo èyí o, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ní kápẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì máa ń fi géètì kékeré dí ẹnu àtẹ̀gùn. Ẹ wá gbé wọ́kà kan náà wá sí Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀. Orúkọ àdúgbò wa gan-an ti ń kìlọ̀ fún wa: Òkè-Àdó, Òkè-Àrẹ̀mọ, Òkè-Bọ́là, Òkè-Pádì. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la kọ́ ilé sí. Ilé tó tẹ́jú mọ́ títì níwájú lè ní àtẹ̀gùn mẹ́wàá lẹ́yìn. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ pọ̀ ní Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà yàrá ló kọjú sí àtẹ̀gùn gan-an. Gọ́tà wà níwájú ilé, pákó kan ló wà lórí rẹ̀, ìgbà míì kò sí pákó. Nínú ilé alájùmọ̀gbé, sítóòfù àti gáàsì ayálégbé mẹ́fà lè tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà tí ọmọ ń yí gba àárín rẹ̀.

Iná àti omi gbígbóná tún ni ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ọmọ tó ń rá, ilẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ. Ọmọ inú wọ́kà dúró ṣanṣan, ọwọ́ rẹ̀ ti ga, ó sì yá. Ó lè fa etí aṣọ tábìlì tí fíláàsì omi gbígbóná wà lórí ẹ̀. Ó lè fa wáyà kẹ́tù. Ó lè na ọwọ́ sí ìkòkò ẹ̀wà, tàbí kó gbá sítóòfù. Kẹrosíìnì tí wọ́n rọ sínú ike omi tí wọ́n gbé sórí àpótí, tí ọmọ tó ń rá kò lè rí, ọmọ inú wọ́kà á gbé e, á sì gbé e sẹ́nu.

Kí ni ìjọba àwọn ibòmíràn ṣe?

Kánádà ló kọ́kọ́ fi òfin lé e lọ pátápátá. Láti 1989 ni àwọn ilé ìtajà ńláńlá wọn ti fọwọ́ ara wọn dá títà rẹ̀ dúró, nígbà tó sì di oṣù kẹrin 2004, ìjọba fòfin de títà, kíkó wọlé àti ìpolówó rẹ̀. Àlòkù pàápàá, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e síwájú ilé yín tà. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ẹni tó bá ṣì ní in nílé ni pé kó bà á jẹ́ kó tó dà á nù, kí ẹlòmíì má baà ṣà á lò.

Amẹ́ríkà kò fòfin dè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé wọn ti ń pariwo fún ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n sì tún sọ ọ́ lọ́dún 2001, pé kí ìjọba fòfin de wọ́kà oní-táyà. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà. Láti 1997, wọ́n ní kí wọ́kà fẹ̀ ju ẹnu ilẹ̀kùn lọ, tàbí kó ní ohun tó máa dá a dúró bí táyà kan bá ti kọjá etí àtẹ̀gùn. Ìyẹn ni rọ́bà pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ máa rí lábẹ́ àwọn kan tẹ́ ẹ bá dojú wọn dé. Lọ́dún 2010 ló wá di dandan lábẹ́ òfin. Ó ṣiṣẹ́, ká má parọ́: láti ọmọ 20,650 lọ́dún 1990, iye tó ń ṣèṣe wálẹ̀ sí 2,001 lọ́dún 2014, wọ́n sì ní àtúnṣe yẹn wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ lọ́dún kan, lẹ́yìn àtúnṣe, kò jọ ohun tó yẹ kéèyàn máa fi ṣeré lójú tèmi.

Ibi tó ti kàn wá ni tòkunbọ̀. Wọ́kà tó bá ti inú kọ̀ǹténà àlòkù jáde, ta ló mọ ọdún tí wọ́n ṣe é? Ó lè ti ṣáájú 2010, ó lè ti ṣáájú 1997. Èyí tó bá sì ní rọ́bà lábẹ́ nígbà kan, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà náà ti jẹ lọ. Ẹni tó bá sọ pé òun gbọ́dọ̀ ra ọ̀kan dandan, kó dojú rẹ̀ dé lọ́jà kó tó sanwó, kó wò ó dáadáa. Àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ràn kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé táwọn èèyàn fi ń rà á?

Tí mo bá jókòó sójú kan tí mò ń bú àwọn ìyá, òmùgọ̀ ni mo jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ nínú ọkàn wọn pé kì í ṣe nítorí ìrìn làwọn ṣe rà á. Ọwọ́ ni wọ́n ń wá. Ìyá tó ń dá ṣọ́ọ̀bù tà, tó ń dáná, tó ń fọ aṣọ, ní ilé tí kò sí ìyá àgbà tàbí àbúrò tó lè gba ọmọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ohun tó bá lè gbé ọmọ dúró síbì kan kó má sunkún, owó dé lórí ẹ̀. Wọ́kà ló ń bá a gbọ́mọ. Tẹ́ ẹ bá wò ó bẹ́ẹ̀, ìbéèrè á yí padà. Kì í ṣe "ṣé ó ń kọ́ ọmọ ní ìrìn?" mọ́ bí kò ṣe "ṣé olùtọ́jú ọmọ tó dáa ni?" Olùtọ́jú tó máa ń gbé ọmọ sáré lọ sídìí iná, ta ló máa gbà á síṣẹ́?

Ìyá àgbà tiwa kò ní wọ́kà, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọmọ sílẹ̀ lásán. Lẹ́yìn ìwẹ̀, wọ́n á fi òrí tàbí àdín àgbọn ra ọmọ lára, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á fi aṣọ ká a mọ́ inú báàfù kó lè máa kọ́ ìjókòó. Tó bá ti ń dìde, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n á máa pè é "tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́" títí dé ìdí ìkòkò omi. Ẹ̀yìn ìyá ló sì wà nígbà tí ìyá bá ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní ká padà sí gbogbo rẹ̀ o, àwọn kan máa ń fa ọmọ lápá jù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo rẹ̀, ara ọmọ ló ń ṣiṣẹ́.

Àwọn káfíńtà wa náà ní tiwọn. Kẹ̀kẹ́ onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, tí ọmọ máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ tí á máa tì í lọ, tó máa ń han gooro lórí sìmẹ́ńtì. Àwọn èèyàn máa ń pa òun àti wọ́kà pọ̀, wọn kò sì jọra. Ọmọ kì í jókòó sínú èyí. Ó gbọ́dọ̀ dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó lè tì í, ó ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀, bó bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀ á fìdí jókòó. Ọmọ tó ti ń dìde fúnra rẹ̀ ló wà fún. Òun náà kò gbọ́dọ̀ wà níbi tó dá gẹ̀rẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Tí kò bá wá sí wọ́kà, ibo lẹ máa gbé ọmọ sí? Ẹní ni. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tó mọ́, tó jìnnà sí iná, kẹ́ ẹ ju ohun ìṣeré kan síwájú tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó, kó rá lọ mú un. Bàtà kò pọn dandan nínú ilé, ẹsẹ̀ lásán dáa jù. Àpótí ìjókòó tó wúwo, tí kò ní yí, ti tó fún un láti dì mú dìde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dáná, ẹ pọ̀n ọ́n tó bá jẹ́ ìdáná tí kò ní ta epo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọgbà kékeré onínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó ọmọ sí sàn fíìfíì ju wọ́kà lọ, torí ibi tẹ́ ẹ gbé e sí lẹ máa bá a. Ó wọ́n díẹ̀, lóòótọ́. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé ọkọ pé òun ni kí wọ́n dáwó rà níbi ìkómọ.

Ẹni tí wọ́kà ti wà nílé rẹ̀, kó yọ táyà rẹ̀ kúrò, kó di àga ìjẹun ọmọ. Ìmọ̀ràn tí ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba Bírítéènì fún àwọn tí kò lè ṣe kí wọ́n má lò ó ni pé kó má ju ìṣẹ́jú 20 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó jẹ́ inú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọmọ tó pẹ́ kó tó rìn

Mo padà sórí bẹ́ǹṣì abẹ́rẹ́ àjẹsára, sọ́dọ̀ ìyá tí ẹ̀rù ń bà pé ọmọ òun jókòó sójú kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ti àwọn ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Gánà wà nínú ẹ̀, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Àwọn kan rìn nígbà tí wọ́n lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ, àwọn mìíràn kò rìn títí wọ́n fi lé ní oṣù mẹ́tàdínlógún, dáadáa sì ni gbogbo wọn wà. Ti rírá gbòòrò bẹ́ẹ̀ náà, láti bí oṣù márùn-ún sí mẹ́tàlá ààbọ̀. Oṣù mẹ́sàn-án tí gbogbo èèyàn ń fi ọmọ wéra yẹn, àárín rẹ̀ ló bọ́ sí.

Ohun tó yẹ kó gbé yín dìde yàtọ̀: ọmọ tó pé oṣù mẹ́sàn-án tí kò tíì lè jókòó rárá, ọmọ tó ń lo ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ apá kan ṣoṣo, ọmọ tí ara rẹ̀ le gan-gan tàbí tó rọ jọ̀ọ́ bí aṣọ tútù, ọmọ tó pé oṣù méjìdínlógún tí kò tíì rìn. Ìyẹn lè ti inú ibà pọ́njú tó mú un lọ́mọ tuntun wá, tàbí pé kò tètè sunkún nígbà tí wọ́n bí i. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká, ó lè jẹ́ egungun ló rọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jos, tó jáde lọ́dún 1999, fi hàn pé kálísíọ̀mù ló ń ṣe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láǹfààní lọ́dọ̀ wa ju fítámì D nìkan lọ. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí táyà mẹ́jọ lè wò. Ewu rẹ̀ ni pé ọmọ tó ń yí kiri nínú wọ́kà máa ń jọ ẹni tó ń gbádùn, àwọn òbí á sì fi oṣù mẹ́ta mẹ́rin dúró sí i, nígbà tó yẹ kí wọ́n ti gbé e lọ.

Ìbàdàn kò sì jìnnà sí ìtọ́jú nípa èyí. Àwọn dókítà ọmọdé àti àwọn onífísíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, wà ní ilé ìwòsàn ńlá UCH, Yunifásítì Ìbàdàn sì ń kọ́ àwọn onífísíò níbí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì àjẹsára dání, kẹ́ ẹ sì ti ro ó kalẹ̀ nílé, ọjọ́ tó gbé orí dúró, ọjọ́ tó jókòó, ọjọ́ tó yí ara padà, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.